Àsọyé Mọ́kànlá fún Kùkùté Kan

Ọkùnrin kan wà ní Japara tí kì í jókòó sórí àga àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ kí àga náà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Akọ̀wé á dìde, á fi aṣọ ìnujú nu àga, á tẹrí ba fún un, á ní, "Àga, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́lá ń bọ̀ wá jókòó." Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yìí á wá rọra gbé ìdí kalẹ̀ bí ẹni tó ń to ẹyin sínú agbọ̀n, á sì wo ojú gbogbo ènìyàn yíká bóyá wọ́n rí bí òun ṣe jókòó.

Jedidiah Akínyẹlé ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọba. Kì í ṣe gómìnà. Kódà kì í ṣe káńsẹ́lọ̀. Alága Ẹgbẹ́ Onílé àti Ayálégbé Àdúgbò Ìrètí-Ayọ̀ ni: ilé mẹ́tàdínlógójì, ṣọ́ọ̀ṣì kan, mọ́ṣáláṣí kan, àti ilé adìyẹ kan tí adìyẹ ti tán nínú rẹ̀. Gbogbo ìjọba rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rìn jìnnà láyé á mọ̀ pé ìgbéraga kì í wo bí ìjọba ṣe tóbi tó kó tó wú. Olórí páàkì kan lè wà níbi tí mọ́tò méjì péré ti ń gbérò, ṣùgbọ́n bí o bá kí i láìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn dé Ibiade.

Bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, oríkì Alága ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà àdúrà. Qowiyyu, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló ń kà á. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé ní Àgọ́-Ìwòyè, nítorí náà ọ̀rọ̀ ńláńlá pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí yanrìn.

"Ọlọ́lá Jùlọ! Alága Àgbà! Baba Gọ́tà! Ògbóǹtarìgì nínú ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí! Ẹni tó ní kí iná wá, tí iná wá!"

Iná ọba ló dé fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà o. Ó kàn bá Alága níbi tó ti ń na ìka sókè ni.

Bí Alága bá wúkọ́, Qowiyyu á ní, "Ikọ́ ọlọ́gbọ́n!" Bó bá dákẹ́, Qowiyyu á ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́!"

Ẹ jẹ́ ká dé ìdí kùkùté wàyí. Ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò náà, níbi tí wọ́n ti ń yà kúrò lójú títì tó lọ sí Òrù, igi mẹláínà kan wà níbẹ̀ rí. Ẹ mọ mẹláínà. Igi tí wọ́n gbìn kún igbó lápá Ogun Waterside ni, tí àwọn àgbégilódò ń kó kọjá lójoojúmọ́. Igi tí kò ní ìtìjú ni: gé e lónìí, á hu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ewé igi yìí ń já sórí mọ́tò Alága. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alága bá pe àwọn oníṣẹ́ ayùn pé kí wọ́n wá gé e. Nígbà tí ẹ̀rọ ayùn fẹ́ kan ilẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró! Ẹ gé e ní ìwọ̀n orúnkún."

"Orúnkún kẹ̀, Alága? Wọ́n máa ń gé igi mọ́lẹ̀ ni."

"Orúnkún ni mo wí. Níbo lẹ fẹ́ kí n dúró lé bí mo bá ń sọ̀rọ̀?"

Wọ́n gé e ní orúnkún. Alága gun orí rẹ̀, ó sì fi wákàtí kan àti ààbọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àǹfààní tó wà nínú kí ojú ọ̀nà mọ́ láìsí ìdíwọ́. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ tó lọ sílé, kùkùté ṣì wà láàárín ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá á forí sọ ọ́, á dojú dé. Ọkọ̀ tó ń gbé omi kò lè yí. Lásìkò òjò tó kọjá, ìyàwó Ọ̀rẹ́dọlá tó ń ta omi kànǹga rọbí, èjìká ni wọ́n fi gbé e dé títì nítorí mọ́tò kò lè wọlé wá gbé e. Kùkùté náà fúnra rẹ̀ kò kú. Ó hu ọ̀mùnú mẹ́rìnlá. Alága wò ó, ó ní àpẹẹrẹ ìlọsíwájú ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè pe katapílà sí i, nítorí páìpù omi tí gbogbo àdúgbò ń mu gba ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ ńlá á fà á já. Ọwọ́ ènìyàn nìkan ló lè yọ ọ́.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà dìde nípàdé ni Màmá Adétutù Ayọ̀ọlá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga ju ti ẹni tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní ní A, B, D. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí mọ̀ pé ohùn tí kò ga yẹn, òun ló ń dun ni jù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alága," ó ní, "kùkùté yẹn ńkọ́?"

"Màmá, ìjọba mi ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀."

"Ọdún méjì rèé. Ìjọba yín ti jókòó lé e, ó ti dúró lé e. Kò kàn tíì yọ ọ́ ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá ń gbé lórí ìyìn, ẹ̀rín kékeré á gún un bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Alága fò dìde, ó ká apá agbádá sórí èjìká, ó na ìka sójú àjà.

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀! Sátidé tó ń bọ̀ yìí, bí agogo mẹ́wàá bá lù tí kùkùté yẹn ṣì wà nílẹ̀, kí èmi Jedidiah Akínyẹlé má ṣe jẹ́ Alága mọ́! Kí ẹ dìbò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi ẹlòmíràn sórí àga yìí!"

"Mo ti kọ ọ́, Ọlọ́lá!" ni Qowiyyu wí. "Mo tún ti fà á nílà lábẹ́!"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ kí orí Alága tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Bó ṣe jókòó padà, ẹ̀rù bà á. Torí ẹ jẹ́ ká fi òtítọ́ fún un: ọkùnrin yìí kò ní nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, ọjọ́ Kérésì ni wọ́n ń pe fóònù rẹ̀. Níbi iṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, aṣọ́gbà ti bi í rí pé, "Bàbá, ta lẹ̀ ń wá?" Bí wọ́n bá gba àga yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò kí i láàárọ̀? Ta ni yóò gbóríyìn fún ikọ́ rẹ̀?

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó ránṣẹ́ pe Bàbá Ògúnbáyọ̀. Kò sí kùkùté obì tàbí ti kòkó láti Ibiade títí dé Òkè-Àgbò tí kò mọ ọwọ́ bàbá yìí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ara rẹ̀ gbẹ bí okùn igbà. Àáké méjì, àdá kan, ọkọ́, dígà àti ṣọ́bìrì ló gbé wá, pẹ̀lú òkúta ìpọ́nrin kan tó rì sínú abọ́ omi. Kò kí àga. Kò tilẹ̀ rí àga. Ìdí kùkùté ló lọ tààrà, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn àdá kàn án kó-kó-kó, ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ bí dókítà ṣe ń gbọ́ àyà.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ó ní. "Lónìí, a ó gbẹ́ ilẹ̀ yí i po, a ó yẹra fún páìpù. Lọ́la, a ó fi omi fọ gbòǹgbò, a ó gé àwọn ti ẹ̀gbẹ́. Yanrìn ló ń pa ojú àáké, Alága. Wẹ́n è é fi àáké gé iyẹ̀pẹ̀. Gbòǹgbò kan, ìpọ́n kan. Lọ́túnla, a ó wá kan ìyá wọn tó wọlẹ̀ lọ tààrà. Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́, ó ti tán."

Ìwọ náà ṣírò ó. Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́! Ọlá Alága ì bá sun oorun àsùnwọra. Ṣùgbọ́n kí ni Alága gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn?

"Ẹ fẹ́ gbẹ́ kòtò?" ó ní. "Sí ojú ọ̀nà mi? Níbo ni mo fẹ́ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí? Níbo ni àwọn alága àdúgbò tó kù máa jókòó?"

"Alága, ẹ fẹ́ yọ kùkùté yìí ni, àbí ẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó fún un?"

"Bàbá, ẹ ò mọ ètò. Ta ni yóò ṣá a gbẹ̀yìn?"

"Ẹni tí àáké bá wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ẹni tí àá... Ẹnikẹ́ni?"

"Igi è é béèrè orúkọ."

Ojú Alága ṣú. Ó ní iṣẹ́ bàbá náà kò bá ọlá mu. Ó ní òun fúnra òun yóò fi ọwọ́ ara òun ṣá kùkùté náà ní ọjọ́ Sátidé, lójú gbogbo ayé, láìsí kòtò, láìsí ẹrẹ̀, pẹ̀lú ètò. Bàbá Ògúnbáyọ̀ kó irin rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọn omi kúrò lára òkúta ìpọ́nrin rẹ̀.

"Igi è é gbọ́ Yorùbá, Alága," ó ní, ó sì lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Alága ti ra àáké tuntun mẹ́ta ní ọjà Òrù, ó ti gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Waris, wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́bàá títì. Àáké tuntun kì í mú láti ọjà. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi fáìlì àti òkúta rọra pọ́n ọn, á máa fi omi sí i, kí irin má bàa gbóná. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dára nínú fídíò. Ẹ̀rọ tí Waris fi ń lọ irin ni Alága fẹ́, èyí tí iná ń ta jáde lára rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá yin bàǹgà.

"Ẹ jẹ́ n máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, Alága," ni Waris wí. "Irin ń gbóná."

"Iná ni mo fẹ́! Qowiyyu, ṣé ò ń yà á?"

"Mò ń yà á, Ọlọ́lá! Ó dà bíi pé ẹ wà láàárín ìràwọ̀!"

"Tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, Waris!"

"Alága, ojú ẹ̀ ti ń di búlúù o."

"Búlúù wù mí. Àwọ̀ ìgbàjá wa nínú ìjọ ni."

Waris wo irin, ó wo Alága, ó wo iná tó ń tà, ó sì pa ẹnu dé. Ẹ má bá a wí. Ẹni tó bá ti bá ẹni ńlá ṣiṣẹ́ rí mọ ibi tí ìmọ̀ràn ti ń parí tí "bẹ́ẹ̀ ni sà" ti ń bẹ̀rẹ̀. Irin tó bá ti di búlúù lójú ẹ̀rọ ti jóná nínú. Á máa dán, á mú débi tí ẹ lè fi fá irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n bó bá kan igi líle lẹ́ẹ̀kan, á ká bí etí ìwé ọmọ iléèwé. Alága ní kí wọ́n tún fi fánìṣì kun èèkù àwọn àáké náà kó lè máa kọ mànà. Wọ́n kùn ún. Ó ń kọ mànà. Ó sì ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Sarah ìyàwó rẹ̀ ti ilé ìdáná gbọ́ ariwo nínú pálọ̀. Ó sáré wọlé. Ọkọ rẹ̀ ló bá, nínú agbádá lórí síńgílẹ́ẹ̀tì, tó gbé ọwọ́ ìgbálẹ̀ sókè lójú dígí.

"Gba èyí! Kùkùté àìlójútì, gba èyí!"

"Bàbá Ànúolúwa, ta lẹ̀ ń lù?"

"Mò ń fi dánra wò ni. Èwo lo rò pé ó dára jù: kí n wo ọ̀ọ́kán kí n tó ṣá a, tàbí kí n wo òkè ọ̀run?"

"Ẹ ti fọ́ gílóòbù."

"Ìṣẹ́gun kì í ṣàìná ni ní nǹkan."

Sarah fi ọwọ́ lérán, ó wò ó. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló ti ń wò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ bẹ Bàbá Ògúnbáyọ̀. Kò tíì pẹ́ jù. Kó kàn bẹ̀rẹ̀ ni, àwọn èèyàn á ní sùúrù fún yín."

"Sarah, ẹni ńlá kì í bẹ ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀."

"Ṣé kùkùté yẹn ti gbọ́ pé ẹni ńlá ni yín?"

Ó sọ ọwọ́ ìgbálẹ̀ kalẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan péré, ìbẹ̀rù ọjọ́ ìpàdé yẹn tún gun orí àyà rẹ̀, ó ku díẹ̀ kó ní, "Lọ bẹ̀ ẹ́." Ṣùgbọ́n ó tún rí ara rẹ̀ nínú dígí. Dígí ló pa á.

Sátidé mọ́. Ẹ ò bá wá wo kánópì! Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa yí kùkùté po, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn, kùkùté náà sì dúró sáàárín bí ọmọ ọlọ́jọ́-ìbí. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà wọ funfun, Álífà mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ayálégbé wá torí pé wọ́n ní jíjẹ wà. Bàbá Ògúnbáyọ̀ pàápàá wá, ó dúró lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lókèèrè, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ètò rèé, bí Qowiyyu ṣe kà á: àwọn olóyè ẹgbẹ́ mọ́kànlá yóò ṣá kùkùté lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó kéré jù dé orí Alága. Olúkúlùkù yóò sì kọ́kọ́ sọ àsọyé. Ẹ gbọ́ mi o: àsọyé mọ́kànlá, ìṣá mọ́kànlá. Agogo mẹ́jọ kò tíì lù tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Kọ́kọ́rọ́ Géètì ló ṣáájú. Ó sọ̀rọ̀ lórí igi láti inú ọgbà Édẹ́nì títí dé òde òní. Lẹ́yìn náà ló gbé àáké tó ń kọ mànà sókè, ó ṣá a mọ́ orí kùkùté. *Gbòì!* Àáké fò padà bí ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ojú àáké ti ká. Olùrànlọ́wọ́ Àkànṣe lórí Ètò Àga tẹ̀ lé e, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága lẹ́ẹ̀mejìlélógún, ó ṣá a. *Gbòì!* Nígbà tó kan Oríolúwa, akápò, àáké kejì náà ti ní eyín bí ayùn. Oríolúwa wo ojú irin, ó wo Waris láàárín èrò. Waris ń wo ojú ọ̀run.

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn, gbòì, àtẹ́wọ́, gbòì, àtẹ́wọ́. Lẹ́yìn olóyè mẹ́wàá, ohun tó kúrò lára kùkùté kò tó èyí tí ènìyàn lè fi ta eyín.

Alága dìde nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo mẹ́wàá lù. Àáké kẹta, tí wọ́n fi pamọ́ fún un, ni wọ́n gbé wá lórí ìrọ̀rí. Òógùn ti ń bọ́ lábẹ́ fìlà rẹ̀. Ó rí i pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn ju ọ̀rọ̀ lọ.

"Ìwọ kùkùté!" ó bú ramúramù. "Ǹjẹ́ o mọ ẹni tí mo jẹ́?"

Kùkùté kò dáhùn.

"Ẹ̀rù ti bà á!" ni Qowiyyu pariwo. "Kò lè fèsì!"

"Mo pàṣẹ fún ọ ní orúkọ ẹgbẹ́ yìí, ní orúkọ ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe, ní orúkọ ọ̀fíìsì mi..."

"Alága, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà," ni Màmá Adétutù wí jẹ́jẹ́ láti ìjókòó rẹ̀.

Alága gbé àáké sókè. Ó wo òkè ọ̀run. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣá a, àáké náà sì wọ inú ibi tí kùkùté ti sán lórí, ó há síbẹ̀ ṣinṣin.

"Ó wọlé! Ó wọlé!" Akọrin bẹ̀rẹ̀ orin ìṣẹ́gun. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fà á. Kò yọ. Ó tún fà á. Ó gbé ẹsẹ̀ lé kùkùté, ó fà á. Kò yọ. Olùdámọ̀ràn Pàtàkì dì í mú níbàdí, Olùrànlọ́wọ́ Àkànṣe di Olùdámọ̀ràn mú, akápò di Olùrànlọ́wọ́ mú, gbogbo ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.

"Ó di ẹ̀ẹ̀kan... ó di ẹ̀ẹ̀mejì... hẹ́ẹ̀ẹ̀pù!"

Fánìṣì jẹ́ orúkọ rẹ̀. Èèkù yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Alága, àwọn olóyè mọ́kànlá sì dà wó sẹ́yìn lórí ara wọn. Ṣé ẹ rí kúlà ńlá tí wọ́n kó omi oníyìnyín sí fún àwọn àlejò? Ibẹ̀ ni ìdí Alága balẹ̀ sí, *pọ̀ṣọ̀*, agbádá àti gbogbo rẹ̀.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

Màmá Adétutù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ rọra, Alága. Ṣé ẹ ò fara pa?"

"Rárá o. Ó... ó kàn tutù ni."

Láti ẹ̀yìn, Mercy, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kẹ̀kẹ́ ti gbé dojú dé rí níbi kùkùté yìí, na ọwọ́ sókè. "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ìwé ìpàdé tó kọjá."

Qowiyyu wo Alága nínú kúlà. Ó wo èrò. Àwọn ẹyẹ kan wà, kí òjò tó ṣú ni wọ́n ti ń kó ìtẹ́. Ó ṣí ìwé, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ka ìlà tó fà nílà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

"Àwàdà ni mo ń ṣe," ni Alága wí.

"Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀," ni Mercy dá a lóhùn.

"Ẹ fún mi ní wákàtí kan sí i! Mo ṣì ní àsọyé kan lápò!"

Ẹ̀rín tó bú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé títì. Wọ́n dìbò, ọwọ́ ni wọ́n nà. Ọwọ́ méjì ló dúró fún Jedidiah: tirẹ̀, àti ti Sarah.

"Torí pé ọkọ mi ni o," ni Sarah wí, "kì í ṣe torí kùkùté."

Gbogbo ọwọ́ tó kù jẹ́ ti Màmá Adétutù, ti Qowiyyu ló sì ga jù. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló yọ aṣọ ìnujú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àga. "Àga, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́lá Jùlọ Màmá Àgbà ń bọ̀..."

"Qowiyyu, pa ẹnu dé," ni Màmá wí. "Gbé àga yẹn fún Bàbá Ògúnbáyọ̀. Wọ́n ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀."

Ọjọ́ Ajé ni bàbá náà bẹ̀rẹ̀. Jedidiah wà lójú fèrèsé ilé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá kí i. Ó wúkọ́, ikọ́ náà sì jẹ́ ikọ́ lásán. Ohun tó ń gbọ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni ohùn òkúta lára irin, *ṣìì, ṣìì*, lẹ́yìn náà àáké, *kó*, *kó*, lẹ́yìn náà òkúta. Àwọn ayálégbé ń kó iyẹ̀pẹ̀ jáde. Wọ́n gbẹ́ yí páìpù po bí ẹni tó ń tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n bu omi fọ gbòǹgbò, wọ́n sì gé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun náà sì bá wọn kà á láti ojú fèrèsé láìmọ̀: mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ṣòkòtò kúkúrú ló wọ̀ jáde. Ó dúró létí kòtò. Kòtò ti jìn dé èjìká ènìyàn.

"Bàbá," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Bàbá Ògúnbáyọ̀ gbójú sókè. "Óò. Ẹ kú àtijọ́. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ìyá wọn ló kù. Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ wọlé wá."

"Èmi?"

"Ṣé ẹ rí ẹlòmíràn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́?"

Ó wọlé. Ẹrẹ̀ tutù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bàbá náà pọ́n àáké, ó fi àtàńpàkò tọ́ ojú rẹ̀ wò, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Ẹ má ṣá a bí ẹni tó ń bínú. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ bọ́. Díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì."

Ó gbé e sókè, ó jẹ́ kó bọ́. *Kó.* Ègé igi funfun kan fò jáde, ó tóbi tó bíbẹ́ iṣu. Jedidiah dúró, ó wò ó bí ẹni tó rí owó he. Ó tún ṣá a. Ègé mìíràn. Kò sẹ́ni tó ní "Ìṣá ọlọ́gbọ́n!" Kò tilẹ̀ rántí pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń ṣá a ni bàbá náà ń gbà á pọ́n, tó ń dá a padà fún un, òógùn ń wọ ọ́ lójú, apá ń ro ó, ó sì fi wákàtí kan gbáko wà láàyè láìsọ̀rọ̀. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Nígbà tó yá, gbòǹgbò náà ké *wọ̀ọ̀*, kùkùté sì tẹ̀. Àwọn ayálégbé ju okùn sí i, Mercy àti Ọ̀rẹ́dọlá wà lára wọn, wọ́n fà á, ó wó, ó yí jáde kúrò nínú ilẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ tó dà bí ẹsẹ̀ akàn. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan tó ń bọ̀ láti títì fọn fèrè, ó yí kọjá létí kòtò láìfarakan nǹkan kan. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Háà, àtẹ́wọ́! Ó wọ inú ara Jedidiah bí ọtí wọ inú ẹni tó ti gbààwẹ̀. Ó dúró ṣánṣán nínú kòtò, orí rẹ̀ nìkan ló hàn. Ó nu ẹnu. Àyà rẹ̀ wú.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi àtàtà," ó ní, "lónìí tí í ṣe ọjọ́ ńlá nínú ìtàn àdúgbò wa, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí mi..."

Iyẹ̀pẹ̀ bọ́ lé e lẹ́sẹ̀, *pọ̀ọ̀*. Ó gbójú sókè. Bàbá Ògúnbáyọ̀ ti jáde kúrò nínú kòtò. Ó di ṣọ́bìrì mú.

"Bàbá! Mo wà nínú ẹ̀!"

"Mo rí yín," ni bàbá náà wí, ó tún bu ìkejì. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Èmi náà ń bá iṣẹ́ mi lọ."

Qowiyyu gbé ṣọ́bìrì tirẹ̀. Màmá Adétutù ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó gbé ọkọ́. Iyẹ̀pẹ̀ ń dà wọlé láti ọ̀nà mẹ́ta, ó ti bo kókósẹ̀ rẹ̀.

"Ní ìparí," ni Jedidiah wí kíákíá, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n fà á jáde.